Orí POP Mẹ́rìnlá àti Ọ̀níní Kan

Lẹ́yìn ilé-ìwé aládàáni kan ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ ti gba ọlidé. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ètò ọlidé ni, tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́. Ẹni tó dá ètò náà sílẹ̀ kàwé nípa iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn; olùdarí ni màá máa pè é. Èmi ni igbákejì rẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan tó mọ àwòrán yà dáadáa ló ṣe ìkẹta wa. Ọmọ mẹ́tàlélógún la gbà, láti ẹni ọdún mẹ́jọ dé ẹni ọdún méjìlá, ọ̀sẹ̀ méjì la sì ní pẹ̀lú wọn.

Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dàrú, àwa fúnra wa la sì dà á rú. Àwa tí à ń ṣe irú ètò yìí mọ bí a ṣe ń gbé fọ́tò ẹ̀rín fáyé rí. Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, a kì í ya fọ́tò.

Irú sọ́mà, ìyẹn ètò ọlidé, méjì làwọn òbí Èkó mọ̀: èyí tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì kí ọmọ má baà gbàgbé ìwé, àti èyí tí wọ́n ti ń jó, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Tiwa kò sí nínú méjèèjì. Ìyá kan dúró lẹ́nu géètì, ó ka ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní, "Ìwalẹ̀ kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ò fẹ́ ṣe bíríkìlà o." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì san owó. Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́ ni olùdarí yàn, Ifẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí wọ́n ń fi ìda àti amọ̀ rọ orí idẹ, tí wọ́n ń fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá. Ó ní ọmọ tó bá délé lè bi ìyá àgbà léèrè ohun tí wọ́n ń fi àpáàdì ṣe, ìyá àgbà á sì ní èsì.

Ibi tí a máa gbẹ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Òfin kan wà láti 1979 tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń mójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èrò rere kì í ṣe ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ síyẹn, lọ́pọ̀ ibi ní Èkó, èèyàn ò ní gbẹ́ jìnnà kí omi tó sun. Nítorí náà, orí ilẹ̀ la kọ́ tiwa sí: a to búlọ́ọ̀kù ìpele mẹ́ta yíká, mítà mẹ́rin ní gígùn, mítà mẹ́ta ní fífẹ̀, ó ga ju orúnkún àgbà lọ díẹ̀. Típà méjì yanrìn ló kún un.

Ohun tí a sin sínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe POP òrùlé bá wa rọ orí kéékèèké mẹ́rìnlá, tó ní ilà gbọọrọ lójú bí ti Ifẹ̀. A fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kùn wọ́n. A fi owó ẹyọ kún un, àti ìlẹ̀kẹ̀ ọjà. A da gbogbo rẹ̀ káàkiri inú yanrìn bí ẹní ń gbin àgbàdo. Olùdarí ní ẹni tó bá rí orí jù lọ máa gba páálí bìsíkíìtì kan. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, mo sì pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ kìíní lọ bó ṣe yẹ. A fi àwòrán hàn wọ́n lára ògiri, a sọ nípa Howard Carter, òyìnbó onímọ̀ ìwalẹ̀ tó rí ibojì ọba Tutankhamun ní Íjíbítì lọ́dún 1922, ojú gbogbo wọn sì tàn nígbà tí wọ́n rí ìbòjú wúrà ọba náà. Apá kan ìtàn yẹn tó yẹ ká sọ, a ò sọ ọ́: ohun tó lé ní 5,000 ló wà nínú ibojì náà, bí ọdún mẹ́wàá ni Carter sì fi kó wọn jáde, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fún ní nọ́ńbà, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọmọ tiwa, ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi tán tiwọn.

Bí ẹni lé ìgalà wọ oko ló rí ní ọjọ́ kejì. Búrọ́ọ̀ṣì tí a rà fún wọn, wọ́n sọ ọ́ nù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wa yanrìn. Àwọn méjì di orí kan mú, etí rẹ̀ kán. Ọmọkùnrin kan kó orí mẹ́rin sínú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jókòó lé wọn. Àwọn kékeré tí wọn ò rí nǹkan kan bú sẹ́kún. Ìwé tí a pín fún wọn láti kọ ohun tí wọ́n rí àti ibi tí wọ́n ti rí i mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà kan sí i. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan fi gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ó ti tán?" Ọjọ́ mẹ́jọ ló ṣì kù.

Kí ló fà á? Èmi ò rò pé ìwà àwọn ọmọ ni. Ẹni tó bá sin ìṣúra, tó tún fi ẹ̀bùn lé e lórí, eré ìṣúra ló ṣe. Wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Yanrìn wa kò ní ìtàn kankan nínú: orí tó wà nísàlẹ̀ kò dàgbà ju èyí tó wà lókè lọ, èyí tó wà lápá ọ̀tún kò ní í ṣe pẹ̀lú èyí tó wà lápá òsì. Kí ni wọn ì bá kọ sínú ìwé?

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bàbá kan dé kí a tó ṣí géètì. Ọmọ rẹ̀ ti mú orí kan lọ sílé. "Ẹ ní sáyẹ́ǹsì lẹ ń kọ́ wọn," ó ní, "kí ni òrìṣà ń ṣe nínú báàgì ọmọ mi?" Olùdarí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn orí Ifẹ̀ dúró fún. Ibẹ̀ ni olùdarí ti ṣìnà. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni bàbá yẹn bá wá, ẹ̀rù ló ń bà á, àwa la sì fi nǹkan aláwọ̀ góòlù sínú báàgì ọmọ rẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ó mú ọmọ náà lọ, kò dá a padà mọ́. Alhaja kan dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà pẹ̀lú irú ìbẹ̀rù yẹn. Olùdarí ti kọ́gbọ́n: kò ṣàlàyé, ó gbé àga fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yanrìn. Wọ́n jókòó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n dìde, wọ́n ní ká rí i pé ọmọ-ọmọ àwọn ń mu omi dáadáa. Ọmọ yẹn bá wa dé òpin.

Ọmọ méjìlélógún ló kù.

Ọjọ́ kẹta yẹn kan náà ni ọ̀níní yọ. Ọ̀rọ̀ yanrìn ti tán lójú wọn, ni àwọn kan bá kó ara wọn lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ omi, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, wọ́n ń fi igi gbẹ́ ibẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó lé orí mẹ́rin lánàá ló sáré dé pẹ̀lú nǹkan róbótó kékeré kan tó ní ihò láàárín. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì sọ̀rọ̀ tí Bàbá tó ń ṣọ́ géètì fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n nù ún sára ṣòkòtò, wọ́n sì kígbe: "Ọ̀níní rèé!"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn pé "mi ò ní ọ̀níní lọ́wọ́". Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan tí èèyàn lè fọwọ́ mú ni. Bàbá ṣàlàyé fún wọn: owó òyìnbó ni, ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Nígbà tí a fi omi fọ̀ ọ́, 1936 hàn lára rẹ̀.

Olùdarí bá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Níbo gan-an lo ti rí i?"

Ọmọ náà mú wa lọ. Ó tọ́ka sí ibì kan. Ó ronú, ó tọ́ka sí ibòmíràn. Èkejì rẹ̀ ní irọ́ ni, ìdí ògiri ni. Ihò tí wọ́n gbẹ́ ti di mẹ́fà, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó jìn tàbí kò jìn? Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ṣé ilẹ̀ pupa ni àbí ilẹ̀ dúdú? Kò mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń wá a nínú ọpọlọ rẹ̀, kò rí i. Nígbà tó yá ó ní, "Ká ní mo mọ̀ ni, mi ì bá fi í síbẹ̀ ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí ètò wa padà. Olùdarí ní kí gbogbo wọn jókòó sílẹ̀, ó sì sọ ohun tó yẹ kó ti sọ lọ́jọ́ kìíní. Lọ́dún 1938, ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Kì í ṣe àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ló hú wọn. Ọ̀kan dé mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, méjì bá William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà Yorùbá, lọ sí Amẹ́ríkà kó tó dá wọn padà ní 1950. Ẹwà wọn kò ní àfiwé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò nínú ilẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹni tó kó wọn síbẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ilẹ̀ tó lè sọ ọ́ ti dàrú.

Ó wá fi Igbó Olókun tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní Ifẹ̀ náà. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn kan rò pé òkè òkun ni gíláàsì tí Ifẹ̀ fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ti ń wá, pé ńṣe ni wọ́n kàn ń tún un yọ́. Ní 2011 sí 2012, onímọ̀ ìwalẹ̀ kan, Abidemi Babalola, walẹ̀ níbẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ìlẹ̀kẹ̀ tó rí ju 12,000 lọ, ọ̀pọ̀ wọn kéré gan-an, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì àti ìdọ̀tí iṣẹ́ náà. Torí pé ó mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà àti ohun tó bá a rìn, tí wọ́n sì yẹ èròjà gíláàsì náà wò, ó hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń ṣe gíláàsì yẹn, ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tó ẹ̀wà kan sọ ohun tí orí idẹ kò lè sọ.

Ọmọkùnrin ọlọ́níní ní, "Torí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?" Olùdarí ní bẹ́ẹ̀ ni.

A ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ omi pa, a sọ fún onílé-ìwé, a fi ọ̀níní sínú àpòòwé. Ọjọ́ méjì tó kù nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, yíya àwòrán àti wíwọn nǹkan la fi í kọ́ wọn, a sì fi òpin ọ̀sẹ̀ tú àpótí náà dànù. Èmi àti olùdarí lọ sí Òyìngbò lọ ra ìkòkò. Ìyá tó ń tà á bi wá bóyá ti àgbo ni. Olùdarí ní, "Rárá, Mà, èyí tó ti fọ́ la fẹ́." Ìyá náà wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì kó àpò méjì fún wa ní ẹ̀dínwó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí a fi kúrò níbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, a ò sin ẹrù. Ilé la sin. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a tẹ ilẹ̀ pupa mọ́lẹ̀ títí ó fi le. A to àpáàdì sí i lórí, a kò tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ńṣe la gbé e dúró lórí etí rẹ̀, ìlà kan kọjú sọ́tùn-ún, ìlà kejì kọjú sósì, bí wọ́n ṣe ń tò ó ní Ifẹ̀. A ri ọrùn ìkòkò kan mọ́ àárín rẹ̀. Ní igun kan, a gbé ààrò olókùúta mẹ́ta kalẹ̀, a dá iná gidi sí i kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè pọ́n, a fi eérú, èédú, èèpo èkùrọ́ àti egungun ẹja sílẹ̀ níbẹ̀, a sì wọ́n ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sáàárín eérú. Yanrìn bò ó. Lókè yanrìn, ayé òde òní: ìdérí mínírà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, bíírò tó ti kán. Lẹ́yìn náà ni olùdarí fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò tóóró kan láti òkè, ó la àpáàdì kọjá, ó ju ìdérí mínírà kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ilẹ̀ dúdú dí i.

A kan èèkàn, a na okùn, àpótí náà di yàrá méjìlá, mítà kan níhà gbogbo. "Yàrá" làwọn ọmọ ń pè é. Ọmọ méjì fún yàrá kan, ọ̀kan ń gbẹ́, ọ̀kan ń kọ, wọ́n á pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n-ún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti dán an wò. Kò sí nǹkan tó gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà kí wọ́n tó yà á, kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Asẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo yanrìn ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí bìsíkíìtì fún ẹnikẹ́ni, àfi ti àkókò jíjẹ.

Méjìlélógún pín sí méjì jẹ́ mọ́kànlá. Yàrá kejìlá kò ní onílé. Àwọn ọmọ ń bèèrè ẹni tó ni ín, olùdarí sì ní àwọn tó ń walẹ̀ máa ń fi apá kan sílẹ̀ fún ẹni tó máa wá lẹ́yìn, tí irinṣẹ́ rẹ̀ á dára ju ti àwọn lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi àti òun mọ ọmọ tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ kejì sú wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọmọdé máa fò sókè torí pé ó ń wọn ìdérí mínírà. Wọ́n kùn. Àwọn méjì ní àwọn fẹ́ padà sínú kíláàsì lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin kan tí a kò tíì gbóhùn rẹ̀ látìgbà tó ti dé kan etí àpáàdì. Kò kígbe. Ó yà á sínú ìwé, ó tún ya èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá rọra na ọwọ́ sí yàrá kejì, ó ní, "Ẹ gbẹ́ apá ibí yìí, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Ó ti rí ìlà náà kí ó tó yọjú. Láti ìgbà yẹn, yàrá ń ránṣẹ́ sí yàrá.

Ọ̀gbẹlẹ̀ kékeré oṣù kẹjọ tí gbogbo wa gbójú lé já wa kulẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kẹta. Òjò rọ̀ mọ́jú. Tapólì ya, àpótí kún bí kànga. A fi ike gbọ́n omi náà títí di aago mẹ́wàá. Èédú ti léfòó, ó lọ jókòó sí yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ti ṣí nípò. Ọmọkùnrin ọlọ́níní dúró tí àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Omi ti purọ́ sí i." Olùdarí ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí máàpù wọn, yàrá mẹ́rin ní ìlà búlúù yíká, wọ́n kọ "omi dé ibí" sí i, wọ́n sì gbà pé ohunkóhun tó bá ti inú wọn jáde, èèyàn kò lè gbà á gbọ́ tán. Mo ti rí àgbà onímọ̀ tí kò lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ìjà ọjọ́ kẹrin ló dùn jù. Wọ́n bá ìdérí mínírà lábẹ́ àpáàdì. Yàrá karùn-ún ní ó dájú pé àwọn ará àtijọ́ ń mu mínírà. Ẹ̀rín pa wá, a kò rẹ́rìn-ín, a kò sì sọ èsì. Wọ́n gbé ìjà náà lọ sílé bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ kan àpáàdì fi ìka tọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò: ó rọ̀, ó dúdú, àpáàdì tó yí i ká sì fọ́ lẹ́tí. "Ẹni tó gbẹ́ ihò ló jù ú sí i," ó ní. "Ìdérí yìí kò bá wọn gbé." Bàbá wọn nílé ti lè sọ fún wọn pé kò sí mínírà láyé ìgbà yẹn, àmọ́ ilẹ̀ ló sọ fún òun.

Ibi tí wọ́n ti borí wa ni ààrò. Lọ́kàn wa, ibi iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ la kọ́, ìdí nìyẹn tí a fi wọ́n ìlẹ̀kẹ̀ sínú eérú. Àwọn ọmọ wo egungun ẹja, wọ́n ní rárá, obìnrin kan ló ń dáná, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ já. "Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì ńkọ́?" A ò fi í síbẹ̀. A gbàgbé. Olùdarí wò mí, mo wo ilẹ̀. Obìnrin tó ń dáná náà ni wọ́n kọ sínú ìwé, a kò yí i padà.

Mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn la fi kádìí rẹ̀. Ọjọ́ kìíní la kọ́kọ́ fi í sí, bọ́ọ̀sì ló dà á rú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ́ọ̀sì náà. Ká ní a ti lọ lọ́jọ́ kìíní ni, wọn ì bá sáré kọjá níwájú gíláàsì. Ní báyìí, wọ́n dúró níwájú iṣẹ́ Ifẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n bi ẹni tó ń mú wa káàkiri ni: "Ẹ jọ̀ọ́, Sà, níbo ni wọ́n ti rí i? Ta ló yà á kí wọ́n tó gbé e?"

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, owó tí ẹ fẹ́ ná lórí orí góòlù, ẹ fi ra ìkòkò fífọ́ àti tapólì tó nípọn. Ẹ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti kọ́ ilé tí ẹ máa sin, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó bò ó, kí ẹ má baà gbàgbé ìkòkò gíláàsì bíi tiwa. Ẹ pe àwọn òbí wá jókòó tì yín kí ọmọ tó mú nǹkan kan lọ sílé. Ẹ má fi ọmọ tó ju méjì sínú yàrá kan. Ti àpótí inú ilé fún ọjọ́ òjò, a ò tíì ṣe é, mi ò lè sọ bó ṣe máa rí.

Ọ̀níní náà wà lọ́dọ̀ onílé-ìwé. Ọmọkùnrin tó rí i ló kọ ara àpòòwé rẹ̀: nǹkan tí a rí, ọdún tó wà lára rẹ̀, orúkọ ẹni tó rí i. Níbi tí a kọ "ibi tó wà" sí, ó kọ "mi ò mọ̀", ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Onílé-ìwé ti ń bèèrè ìgbà tí a máa wá kó búlọ́ọ̀kù wa. Yàrá kejìlá ṣì wà níbẹ̀, èèkàn mẹ́rin, okùn yíká. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì sọ lórí fóònù pé àwọn ọmọ kan máa ń wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àkókò eré, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.